Àwọn Igi Ìjọba Létí Igbó Àgbà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní

Mo lọ wo odò láàárọ̀. Ọ̀pá tí mo fi ń wọn omi ń sọ ìka mẹ́rin. Lọ́dún tó kọjá, ní nǹkan bí àsìkò yìí, omi mù mí dé orúnkún; mo padà lọ yẹ ìwé èṣí wò kó má di pé mò ń purọ́ fún ara mi. Òjò dá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìgbà tó máa ń dá.

Nínú igbó àgbà, ewé gbígbẹ ti bo ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn igi ń bọ́ ewé dànù kí omi díẹ̀ tó kù lè gbé wọn ró. Ọgbọ́n tiwọn nìyẹn, àmọ́ ọgbọ́n náà ló ń to ohun ìdáná jọ sí wọn lẹ́sẹ̀.

Ojú-Àwòdì sọ̀kalẹ̀ láti orí ilé ìṣọ́ wá kí mi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń jókòó lókè irin yẹn tó ń wá èéfín kiri ojú ọ̀run. Gíláàsì tó ń lò báyìí nípọn bí ìdí ìgò, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ń ṣáájú rẹ̀ rí nǹkan. Ó ní igbó gbígbẹ nìkan ò ba òun lẹ́rù, igbó gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ bá bá ni. Ó ní ká ṣì máa dúpẹ́ pé afẹ́fẹ́ ò tíì jí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìpàdé lọ́fíìsì. Ọ̀gá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ife tíì tẹ etí rẹ̀ kan mọ́lẹ̀, ó ní kí kálukú fi ìka tọ́ka síbi tí iná lè gbà wọ inú igbó àgbà. Àpáta wà lókè. Odò, tàbí ohun tó kù nínú rẹ̀, wà nísàlẹ̀. Apá ọ̀nà ọkọ̀, a ti ro ó mọ́. Ìka mẹ́fà bá ara wọn pàdé lójú kan náà: ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín oko àwọn ará àdúgbò àti igbó, níbi tí ogún ìlà igi ìjọba tò sí gbọọrọ, igi ilẹ̀ òkèèrè tí ọ́fíìsì wa pín fáwọn àgbẹ̀. Òróró wà nínú ewé wọn. Èèpo ara wọn ń ṣí, ó ń rọ̀ bí àkísà. Bí iná bá lè gun orí wọn, orí àwọn igi àgbà ló máa bọ́ sí.

Kò sẹ́ni tó wojú mi. Gbogbo wọn mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni àwọn igi náà. Wọ́n sì mọ aṣọ́gbó tó fi ọkọ̀ ọ́fíìsì kó ọmọ igi yẹn wá fún un ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, tó dúró tì í tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín: èmi ni. Nígbà yẹn, ìwé tí wọ́n fún wa kà ní igi yìí yára dàgbà, pé ó ń di ilẹ̀ mú, pé ó ń fa òjò, pé àwọn èèyàn máa rí i gé, wọ́n á sì fi inú igbó sílẹ̀. Mo gbà á gbọ́ débi pé mo ń wàásù rẹ̀ níbi ìsìnkú.

Ọ̀gá ní ohun tí òfin gbà wá láyè ni ká fún onígi ní ìwé ìkìlọ̀ àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ó ní iná ò mọ ìwé kà. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ ni kó o lọ bá a sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń pọ́n àdá, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú nítorí ìbàdí tó ń dà á láàmú. Ó ti mọ ohun tí mo bá wá. Àdúgbò yìí kéré, ọ̀rọ̀ ìpàdé wa ti ṣáájú mi délé.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ti odò, ti ewé, ti iná. Mo ní ogún ìlà náà ni a fẹ́ gé. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ̀ láti kékeré nìyẹn, pé ó máa ń jẹ́ kéèyàn sọ tiẹ̀ tán.

"Kí ló wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀?" ló bi mí.

Mo ní igbó kéékèèké ni, èyí tí bàbá wa fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè sinmi.

"O ní kí n gé ìyẹn. Mo gé e. O ní kí n gbin èyí. Mo gbìn ín. Ó ku ọdún kan péré kó tó òpó iná mànàmáná tí wọ́n máa wá rà, o tún dé pé kí n gé e. Tó o bá tún ka ìwé mìíràn lẹ́ẹ̀mìíì ńkọ́?"

Mo jókòó tì í títí ó fi pọ́n àdá tán, mo sì kí i pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Afẹ́fẹ́ jí lónìí. Láti ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́, láti apá oko.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ogún

A bẹ̀rẹ̀ sí í ro etí igbó lápá ibi tó kù díẹ̀ káàtó, èèyàn mẹ́jọ, tọkùnrin tobìnrin. A ń ro ó dé ilẹ̀ pupa, kí iná má bàa rí nǹkan jẹ lójú ọ̀nà. Epo bẹntiróò tún ti gbówó lórí, ọ̀gá ní ohun tí àdá bá lè ṣe, ká fi àdá ṣe é. Ọwọ́ mi bó. Mo ti gbàgbé pé ọwọ́ ń bó.

Lọ́sàn-án, iná kékeré kan ṣẹ́ yọ lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀. Ẹnì kan ló ju ìdí sìgá sílẹ̀. A pa á kó tó fẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá kan lọ, àmọ́ bó ṣe ń sáré lórí koríko yẹn, bí ìgbà tí wọ́n da omi sórí sìmẹ́ńtì ni. Ẹnikẹ́ni ò fi ṣeré.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi lọ́fíìsì. Kò wá rí. Ó jókòó ṣíkún sórí àga tí wọ́n ń fún àlejò, ó gbé pọ́ọ̀sì lé itan.

"Akọ̀wé," ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, "ẹ̀gbọ́n yín ò ní sọ fún yín, èmi ni màá sọ."

Ó wá sọ pé dókítà ti wo ìbàdí ọkọ òun, ó ní eegun náà ti gbó, àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n ti fi ìyẹn sí ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí àwọn igi bá tó tà. Tí wọ́n bá gé e báyìí, kò ní tó òpó. Igi ìdáná àti igi tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń ti òrùlé ni yóò jẹ́. Ó ní òun ò bẹ̀ mí pé kí n má gé e. Ó ní òun kàn fẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń gé.

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo padà sórí àga mi, mi ò lè rántí ohun tí mò ń kọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó bá mi dé oko rẹ̀, pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ lé mi. A rìn jẹ́jẹ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo mú ṣọ́bìrì dání. Láàárín àwọn igi ìjọba, mo gbẹ́ ilẹ̀ títí apá mi fi wọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Iyẹ̀pẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá gbẹ bí ìyẹ̀fun. Mo bu díẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì jò lọ láàárín ìka rẹ̀. A kọjá sínú igbó àgbà, kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Mo gbá ewé kúrò, mo gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó àtẹ́lẹwọ́ kan péré. Èyí tí mo bù níbẹ̀ ṣù mọ́ ọn lọ́wọ́, ó dúdú, ó tutù, ojú ìka rẹ̀ hàn lára iyẹ̀pẹ̀ náà.

Ó dì í mú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ lo sọ fún mi pé wọ́n máa fa omi wá."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì í, Bùọ̀dá. Omi tó wà níbẹ̀ gan-an ni wọ́n fà mu."

Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn síta rí, àní lọ́fíìsì. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé ó máa bú mi. Kò bú mi. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó rí nǹkan lójú mi tí kò rí rí. Ó da iyẹ̀pẹ̀ náà padà sínú ihò tó ti wá, ó fi ẹsẹ̀ tó dára tẹ̀ ẹ́, a sì padà sílé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun gbà ká gé ìlà mẹ́wàá, àwọn tó wà lápá igbó. Mẹ́wàá tó wà lápá oko, kò gbà. Kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án, kí n sì fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Ìyàwó gbé ìwé náà wọlé lọ pa mọ́.

Mẹ́wàá ò tó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Ìlà mẹ́wàá sàn ju òfìfo lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ọgbọ̀n

Onígẹdú tí a bẹ̀ níṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ agégi rẹ̀. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọbìnrin, ó máa ń fọwọ́ gbá igi kó tó gé e bí ẹni tó ń kí i. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àga wá láti ilé, ó jókòó sí ìdí ọ̀nà, ó wo gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Ó pàṣẹ pé kí n dúró. Mo dúró. Bí igi kọ̀ọ̀kan bá wó, òórùn ewé rẹ̀ á gba afẹ́fẹ́ kan bíi ti òògùn ikọ́, a ó máa sín.

Ìlà mẹ́rin ti lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ṣéènì ẹ̀rọ já. Onígẹdú ní òmíràn ò sí lọ́jà. Ó jókòó sílẹ̀ tó ń fi òòlù tún èyí tó já ṣe. Afẹ́fẹ́ ò sinmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Ìlà mẹ́wàá ti wó, àmọ́ ẹ̀ka àti ewé wọn wà nílẹ̀ káàkiri, wọ́n ti ń gbẹ. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, ó burú ju kí igi wà lórí ìdúró lọ. Àwa mẹ́jọ ò lè kó o tán lóṣù kan.

Mi ò mọ ohun tí Ìyàwó sọ fún àwọn obìnrin àdúgbò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo dé ibẹ̀ láago méje, wọ́n ti lé ní ogójì, wọ́n ti ń wọ́ ẹ̀ka lọ sí etí odò tó ti ń gbẹ, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní tí aṣọ́gbó bá tún gbé igi kankan wá, òun á kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Odò: ìka kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ọ̀pá ìwọ̀n dúró sínú ẹrẹ̀. Mo kọ òfo sínú ìwé, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún.

Àwọn ọ̀bọ ti ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ìdí páìpù omi tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ọ̀kan gbọ́mọ pọ̀n, ó ń wò mí láìbẹ̀rù. Mo ṣí omi díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Òfin ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá rìnrìn àjò lọ sí oríléeṣẹ́. Kó tó lọ, ó rán wa létí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tanná nínú igbó tàbí létí rẹ̀ láìsí ìwé tí òun fọwọ́ sí, kódà kó jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Ó ní òun tún un sọ nítorí èmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àná ló ṣẹlẹ̀. Màá kọ ọ́ kí n tó gbàgbé bó ṣe lọ.

Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀, fóònù mi dún. Ojú-Àwòdì ni. Kò kí mi. "Èéfín méjì lápá oko," ó ní. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ó ti di ọ̀kan."

A kó sọ́kọ̀, àwa mẹ́jọ, pẹ̀lú àpò omi tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn àti àwọn àpò ìdọ̀họ tí a rẹ sínú omi. Nígbà tá a dé ibi tí a gé, iná ṣì jìnnà, bóyá wákàtí kan, àmọ́ ó fẹ̀ láti ìpẹ̀kun oko kan dé èkejì, afẹ́fẹ́ sì ń gbá a níwájú tààrà sọ́dọ̀ wa. Èérú ti ń bọ́ sí wa lórí. Ìyàwó àti àwọn obìnrin dé, onígẹdú dé pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Mo tò wọ́n sí etí igbó àgbà kí wọ́n máa pa ẹta iná tó bá fò wọ̀ ọ́.

Mo wá wo ìlà mẹ́wàá tó kù. Èèpo tó ń rọ̀, ewé tó bo ilẹ̀. Mo wo ibi tí a gé. Mo mọ̀ lójú kan náà pé bí iná bá dé abẹ́ àwọn igi yẹn, yóò gun orí wọn, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e fò kọjá gbogbo wa. Ohun kan ló kù: ká tanná ní etí ibi tí a gé, kó máa jó padà díẹ̀díẹ̀ lòdì sí afẹ́fẹ́, kó jẹ ewé tó wà lábẹ́ àwọn igi náà tán kí iná ńlá tó dé. Iná tó bá dé ibi tí nǹkan ti jó, kò ní ohun tó máa jẹ mọ́. Àmọ́ igi tó bá dúró sínú irú iná bẹ́ẹ̀, èèpo rẹ̀ á là. Kò ní jẹ́ òpó láéláé.

Mo pe ọ̀gá. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin.

Mo gbé agolo elépo tí a fi ń da iná sílẹ̀ látinú ọkọ̀, mo rìn dé ìdí igi àkọ́kọ́, mo sì dúró. Mi ò lè ṣe é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin. Ìwé tí mo fọwọ́ sí ló wà lójú mi, àti ìbàdí yẹn, àti Ìyàwó lórí àga àlejò. Mo rò ó pé bóyá afẹ́fẹ́ máa yí. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ìwọ̀n ìṣẹ́jú.

Mi ò gbọ́ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé. Ó gba oko wá pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń mí hẹlẹ, aṣọ rẹ̀ rẹ fún òógùn. Ó wo agolo ọwọ́ mi. Ó wo àwọn igi. Ó bi mí pé ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo mi orí pé kò sí.

"Gbé e wá."

"Bùọ̀dá, mo fọwọ́ sí ìwé fún yín."

"Mo ní kó o gbé e wá. Èmi ni mo gbìn ín."

Ó gba agolo náà lọ́wọ́ mi. Ó fi ọ̀pá há abíyá, ó tẹ̀ síwájú, ó da iná sílẹ̀ ní ìdí igi àkọ́kọ́, ó tún lọ sí èkejì. Ó ń tiro, iná ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọ̀já. Kò wẹ̀yìn. Mo sáré gba agolo kejì, mo bẹ̀rẹ̀ láti apá odò, a ń bọ̀ wá pàdé ara wa. Iná náà kọ́kọ́ ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń jẹ ewé lọ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lòdì sí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà iná ńlá sún mọ́ ọn, ó sì ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n pàdé láàárín oko. Ariwo tí wọ́n ṣe, mi ò mọ ohun tí mo lè fi wé. Ooru rẹ̀ tì wá sẹ́yìn gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì rọlẹ̀.

Àwọn igi mélòó kan ṣì gbiná dé orí. Ẹta iná fò. Àwọn obìnrin ń fi àpò tútù lù ú, wọ́n ń pe ara wọn ní orúkọ ìnagijẹ kí wọ́n má bàa sọnù nínú èéfín. Ẹta iná kan wọ inú ihò igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá tó wà ní etí igbó, èyí tí gbogbo ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀, iná mú un láti inú. Ó ń tu ẹta iná jáde lókè bí ẹnu ààrò. Onígẹdú wo ojú mi. Mo ní kó gé e. Ó fọwọ́ gbá a, ó sì gé e, ó wó sápá ibi tí a ti ro, a sì bo ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tí Ojú-Àwòdì pe fóònù pé òun ò rí iná kankan mọ́, èéfín nìkan ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwa mẹ́ta la gbé e dìde.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

A rìn yí ká. Igbó àgbà: igun kan péré ló jó, ó tó ìwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù méjì. Inú rẹ̀ ṣì tutù. Oko méje ló jóná. Kò sẹ́ni tó kú, Ọlọ́run ṣeun. Iná jó obìnrin kan lọ́wọ́, wọ́n ti dì í fún un. Ìlà mẹ́wàá: gbogbo rẹ̀ wà lórí ìdúró, gbogbo rẹ̀ dúdú.

A ò mọ ẹni tó dá iná náà sílẹ̀. Kálukú ń fẹ̀sùn kan aládùúgbò rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ogún

Ọ̀gá dé. Ó kọ́kọ́ lọ wo ilẹ̀. Ó padà wá, ó fún mi ní kúẹ́rì: kí ló dé tí mo fi tanná láìgba ìwé. Ó ní òun mọ̀ pé ohun tí mo ṣe ló gba igbó là, ó sì ní kí n dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo pàṣẹ, èmi ni mo kó agolo wá. Mi ò dárúkọ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó ní ó wà ní yàrá, pé kí n fún un láyè. Ó ní kò sọ̀rọ̀ mi láìdáa. Kò kàn sọ̀rọ̀ ni. Ìgbà kejì, ó gbé ìwé tí mo fọwọ́ sí jáde, ó ní ọkọ òun ní kóun dá a padà fún mi. Mo gbà á. Mo gbé e sínú àpò, mi ò lè tú u wò.

Onígẹdú ti bá wọn rí ẹni tó máa kó àwọn igi tí a gé fún iṣẹ́ ilé kíkọ́. Kò ní tó ti iṣẹ́ abẹ. Mo ti lọ rí dókítà náà fúnra mi, mo bi í ohun tí a lè ṣe kí ọdún tó yí. Ó sọ díẹ̀, ti oògùn àti ti owó. Mo ń ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta

Òjò. Ogún ìṣẹ́jú. Èérú ilẹ̀ di ẹrẹ̀ dúdú, òórùn rẹ̀ wọ inú gbogbo ilé. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà mi títí ó fi dá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kùkùté igi ìjọba ti ń hù, ọmọ ewé aláwọ̀ búlúù jáde lára wọn bí irun. Wọn kì í kú bọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìyàwó pè mí lórí fóònù pé ọkọ òun ti jáde láàárọ̀ láìsọ ibi tó ń lọ. Mo mọ ibi tó máa wà. Mo bá a lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó jókòó sórí ìtì igi kan tí wọn ò tíì kó, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú.

Mo kí i. Ó dáhùn. Mo dúró.

Ó bi mí pé, "Kí ni kí n gbìn síbẹ̀?"

Mo ti ń múra sílẹ̀ de ìbéèrè yẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti kọ orúkọ igi méjìlá sínú bébà kan. Bébà náà wà lápò mi bí mo ṣe dúró níwájú rẹ̀, mi ò sì yọ ọ́.

"Ẹ má gbin nǹkan kan."

Ó gbójú sókè. Mo ṣàlàyé fún un pé gbòǹgbò igbó kéékèèké tí bàbá wa fi sílẹ̀ ò tíì kú tán lábẹ́ ilẹ̀, pé mo ti rí i tó ń yọ láàárín èérú, irú mẹ́rin ó kéré tán. Ẹyẹ á gbé òmíràn wá láti inú igbó, afẹ́fẹ́ á gbé òmíràn. Iṣẹ́ tiwa ni ká máa ṣẹ́ ọmọ igi ìjọba tó bá hù, ká má jẹ́ kí iná àti ewúrẹ́ dé ibẹ̀, ká sì fi ìyókù sílẹ̀.

"Inú ìwé wo lo ti ka ìyẹn?"

"Mi ò kà á nínú ìwé, Bùọ̀dá. Mo wá síbí lójoojúmọ́ ni, mò ń wò ó."

Ó fi ọ̀pá tú èérú iwájú rẹ̀. Ewé kékeré kan wà níbẹ̀, kò tó èékánná. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa, kò fọwọ́ kàn án.

"Kí n jókòó, kí n kàn máa wò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọdún mélòó ló máa gbà?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe kó kọjá ìgbà tèmi àti tirẹ̀.

Ó wo ilẹ̀ náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ ti ara rẹ̀ sún díẹ̀ lórí ìtì igi náà, ó gbé ìbàdí tó ń dùn ún jẹ́jẹ́, títí ààyè èèyàn kan fi ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Jókòó nígbà náà," ó ní.